Ẹ̀wà Tí Wọ́n Ti Bó

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé G6PD inú ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó, tàbí pé ti ọmọkùnrin rẹ ni kò tó, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Tèmi náà kò tó. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó gbọ́ orúkọ náà rí, lọ́jọ́ tí mo sì gbọ́ ọ, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń kán sínú iṣan apá mi. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Ohun tí mo bá mọ̀, màá sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo bá ń méfò, màá sọ pé mò ń méfò ni.

Becontree, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni à ń gbé, kò jìnnà sí àwọn ìsọ̀ Alibon. Àwa mẹ́ta la wà nílé: ìyá mi, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, Tósìn, àbúrò mi obìnrin, tó ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti èmi, tí mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Tí Lẹ́ńtì bá ti wọlé, ẹran, ẹja àti ẹyin kì í dé inú ìkòkò ìyá mi mọ́ títí di Àjíǹde. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìrẹsì àti ọbẹ̀ lásán la fi ń gba ogójì ọjọ́ náà já. Lọ́dún yìí, mo ní kí n ṣe é bí ẹni tó kàwé.

Mo ya tábìlì kan sórí kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ àwọn ohun ọ̀gbìn tó ní èròjà amúaradàgbà sí i, pàápàá àwọn tí a ti pa tì: òtílí, sèsé, ẹ̀pà rorò tó le bí òkúta, irú, ẹ̀gúsí, sóyà. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Òtílí àti sèsé kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ẹ̀wà tí gbogbo ayé ń jẹ. Sóyà ju gbogbo wọn lọ. Irú dára gan-an, ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ irú kún abọ́? Mo tún rí i pé èròjà tí kò tó nínú ẹ̀wà máa ń wà nínú àgbàdo, èyí tí kò tó nínú àgbàdo sì wà nínú ẹ̀wà. Ẹni tó kọ́kọ́ se àdàlú kò ya tábìlì kankan, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi yọjú wo tábìlì náà láti ẹ̀yìn mi. "Òtílí? Tí a bá gbé e kaná lónìí, tó bá di Àjíǹde ó máa jiná."

Òótọ́ ló sọ. Ìdí tí a fi pa púpọ̀ nínú wọn tì nìyẹn, kì í ṣe pé wọn kò dára. Wọ́n máa ń pẹ́ lórí iná, tàbí kí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ ìsọ̀ ọkùnrin ará Síríà kan nítòsí ọjà Barking. Mo rí ẹ̀wà kan nínú ọ̀rá, ó fẹ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti là á sí méjì-méjì. Àwọn òyìnbó ń pè é ní bródì bíìnsì. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní fúùlù. Mo yẹ ẹ̀yìn ọ̀rá wò: amúaradàgbà rẹ̀ ju ti ẹ̀wà wa lọ díẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń sè é.

Ó ní, "Wọ́n ti bó o, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ ṣáà rẹ ẹ́, kí o sì lọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Ẹni tó bá ti bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ìdúpẹ́ ìjọ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀wà nínú bàsíà, tí èèpo ń léfòó, tí a dà á nù, tí òmíràn tún léfòó, tí ìyá mi sì ń sọ pé ojú dúdú ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀wà tí ẹlòmíràn ti bó! Ọ̀rá mẹ́ta ni mo rà.

Ìyá mi ju ọ̀kan sókè, ó hán an. "Níyì, Ọlọ́run ló rán ẹ jáde lónìí."

Ọjọ́ Ajé la kọ́kọ́ fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Tósìn ní ó ń rùn bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó ya fọ́tò mọ́ínmọ́ín tiẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀wà náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó jẹ méjì. Èmi jẹ mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé méjì lọ sí ibi iṣẹ́, mo sì fi jẹ̀kọ nígbà tí mo ṣínu àwẹ̀.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni ara mi kọ́kọ́ yí padà. Mo ń gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ Dagenham Heathway tí mo ń gùn lójoojúmọ́, mo sì dúró ní ìdajì. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Obìnrin kan tó pọn ọmọ kọjá lára mi. Mo sọ fún ara mi pé àwẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nígbà tí mo tọ̀ nírọ̀lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi ọtí ẹlẹ́rìndòdò kóòkì. Mo tún sọ fún ara mi pé omi ni mi ò mu tó. Àlàyé méjèèjì bọ́gbọ́n mu, méjèèjì ni kò tọ̀nà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tósìn dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Brọ́dà Níyì, dúró ná. Wò mí. Háà! Ojú ẹ ti yẹ́lò."

"Iná ilé ìdáná ni."

"Iná kẹ̀? Mi ò ṣeré o, ó yẹ́lò bíi kọ́sítáàdì. Mọ́mì! Ẹ wá wo Brọ́dà Níyì!"

Ìyá mi fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀. "Ìtọ̀ ẹ ńkọ́?"

"Ó dúdú díẹ̀, Mà."

"Díẹ̀ bíi kí ni?"

"Bíi kóòkì."

"Ìyẹn lò ń pè ní díẹ̀? Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà wo? O sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́?"

Mo pe dókítà àdúgbò wa. Mo wà lórí fóònù tó wákàtí kan kí ó tó kàn mí. Nígbà tí akọ̀wé wọn béèrè ohun tó ń ṣe mí, mo ní ó ń rẹ̀ mí. Mi ò dárúkọ ojú mi, mi ò dárúkọ ìtọ̀ mi, torí ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe dókítà. Ó ní kí n wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn, kì í ṣe òun. Jọ̀ọ́, má ṣe bíi tèmi. Tí ojú rẹ bá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ sì dúdú, sọ ọ́ bó ṣe rí fún ẹni tó bá gbé fóònù, tàbí kí o gba ibi ìtọ́jú pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Ìjọ ti dé. Ìyá Ìjọ ni àgbà àwọn obìnrin nínú ìjọ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbé mi lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Wọ́n gbé àgbo wá nínú ìgò ike tó tóbi. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní àdúgbò Gascoigne ni wọ́n ti gbà á. Wọ́n bu ife kan fún mi. Mo ń wò ó.

"Ọ̀mọ̀wé," ni wọ́n wí, "o ò ní béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Mo fẹ́ béèrè, Mà."

"Egbò ni. Ewé ni. Omi ni. Ṣé kí n lọ mú igi tí wọ́n ti já a wá láti Ìjẹ̀bú ni? Gbé e mu, jàre."

Mo mu ún, nítorí ìyá mi ń wò mí. Títí dòní, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò lè sọ pé àgbo ló dá àìsàn náà sílẹ̀, torí ìtọ̀ mi ti dúdú kí n tó fẹnu kàn án. Bóyá ó dá kún un, bóyá kò dá kún un, mi ò mọ̀.

Ìyá Ìjọ gbàdúrà, wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé aláìsàn kì í gbàwẹ̀. "Fún un ní nǹkan tó rọ̀, tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ni kó o fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rẹ ẹ̀wà tí wọ́n ti bó. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi òróró tó dára sí i, ó gbé e fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì ní Ọjọ́ Ẹtì. Ó ń jókòó tì mí títí màá fi jẹ ẹ́ tán. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni agbára mi ń lọ, bí agbára mi sì ṣe ń lọ ni ó ń bù sí i. Mi ò lè rántí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni tọ́jú mi dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo dìde láti lọ sí ilé ìwẹ̀, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Tósìn ló pe takisí. Ní ilé ìwòsàn, èrò ti kún bámúbámú, àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Nọ́ọ̀sì kan ń pín fọ́ọ̀mù kiri. Ó wo ojú mi, ó gba fọ́ọ̀mù padà lọ́wọ́ mi, ó mú mi wọlé tààrà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n béèrè bóyá mo ti lọ sí Nàìjíríà láìpẹ́. Rárá. Wọ́n wá ibà, kò sí ibà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi kò tó ìdajì èyí tó yẹ kí ọkùnrin bíi tèmi ní.

Dókítà obìnrin kan wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní, "Kí lo jẹ lọ́sẹ̀ yìí tí o kò jẹ rí?"

Mo ní kò sí. Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn. Ẹ̀wà ni mo ṣáà ń jẹ, mo sì ti ń jẹ ẹ̀wà láti ìgbà tí mo ti já lẹ́nu ọmú.

Tósìn ní, "Àfi ẹ̀wà yẹ̀yẹ́ yẹn." Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò ọ̀rá náà hàn án.

Dókítà gba fóònù náà, ó fi ìka sọ fọ́tò náà di ńlá. Ó ní, "Má jẹ ẹ́ mọ́. Kódà, ẹyọ kan ṣoṣo."

Ìyá mi ní, "Dókítà, àwa mẹ́ta la jọ jẹ ẹ́."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ kó má bàa fọ́. G6PD ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá tó, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀, títí yóò fi pàdé ohun tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, bródì bíìnsì sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ ló ń sọ ìtọ̀ di dúdú, òun náà ló ń sọ ojú di pípọ́n. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Ìyá lè gbé e kiri láìṣàìsàn. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ni ẹ̀wà yìí ń ṣe báyìí, àwọn mìíràn jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀.

 Ìyá mi ń fi igun gèlè rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí mi lára. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí àkọ́kọ́ parí, mo lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí èémí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ nìyí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ọ. Èsì àyẹ̀wò G6PD tí wọ́n ṣe fún mi kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí mi dé, ó sì ní kò sí ìṣòro. Dókítà ní òun ò tíì gba bébà náà gbọ́. Àwọn ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, tí ààbò wọn kéré jù, ti fọ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ́kù ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìyẹn yé mi kíákíá: tí o bá ka àwọn tó yè nìkan, o kò tíì ka gbogbo ilé. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n sì máa ṣe bí ẹni tó ní in títí di ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dé ilé ìjọ ni pé bébà ọsibítù ní kò sí nǹkan kan. Ìyá Ìjọ ní a gbọ́dọ̀ ṣe ìdúpẹ́. Mi ò kọ̀. Ó yẹ kí n dúpẹ́, mo sì fẹ́ dúpẹ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Àjíǹde, mo dúró nínú ṣùtánà mi níwájú ìjọ, mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mi ò sọ pé àìsàn náà ti tán. Mo rí i pé àwọn kan ń retí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pín oúnjẹ. Ìyá Ìjọ fúnra wọn ni wọ́n gbé àwo tèmi wá, wọ́n ti gbàdúrà sí i. Mọ́ínmọ́ín ni. Kí n tó fi ṣíbí kàn án ni òórùn koríko yẹn ti kàn mí nímú. Èmi ò mọ̀ pé ìyá mi ti fún wọn ní ọ̀rá tó kù. Òun náà rò pé wọ́n máa jẹ ẹ́ nílé wọn ni. A kì í da oúnjẹ nù nílé wa.

Mo ní, "Ẹ dákun, Mà, ẹ̀wà wo lẹ fi ṣe é?"

"Ẹ̀wà tí wọ́n ní ó fẹ́ pa ẹ́. A ti gbàdúrà sí i. Jẹ ẹ́, kí ojú ti Sàtánì."

"Dókítà ní kí n má jẹ ẹ́, Mà, títí wọ́n á fi tún àyẹ̀wò ṣe."

"Bébà dókítà kan náà ló sọ pé kò sí nǹkan. Àbí èwo nínú bébà wọn lo gbà gbọ́? Níyì, èmi ni mo gbé ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ẹ́ lórúkọ. Ṣé mo lè fún ẹ ní ohun tó máa pa ẹ́?"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí ti yíjú sí wa. Màá sọ òótọ́: mo ti mú ṣíbí. Mo ń ronú pé bóyá díẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, pé dókítà fúnra rẹ̀ ní kì í ṣe gbogbo ìgbà. Kì í ṣe ìṣirò ni mò ń ṣe mọ́. Ojú ló ń tì mí láti kọ oúnjẹ tí àgbà gbàdúrà sí.

Ìyá mi dìde láti orí ìjókòó tiẹ̀. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó gba àwo. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Ìjọ tàwo-tàwo, ó sì dìde.

"Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni màá bá a jẹ ẹ́. Ara tèmi gbà á."

Ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó jẹ ẹ́ tán, kò yára, kò lọ́ra. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Èmi ni mo gbé àìsàn yìí fún un látinú ikùn, mi ò mọ̀. Èmi ni mo tún bu ẹ̀wà fún un lórí àìsàn, mi ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ò ní sí, Mà, torí mo ti mọ̀."

Ìyá Ìjọ wò ó. "Ìyá Níyì, kò sí lọ́kàn mi láti pa ọmọ ẹ."

"Mo mọ̀, Mà. Kò sí lọ́kàn tèmi náà."

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó dun ìyá mi, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe. G6PD mi kéré púpọ̀. Mo jókòó sínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Bí mo ṣe wà báyìí: ẹ̀jẹ̀ mi ti pé. Mò ń gun àtẹ̀gùn. Káàdì kan wà nínú àpò mi tó sọ ohun tó ń ṣe mí, mo sì máa ń fi í hàn kí ẹnikẹ́ni tó kọ oògùn fún mi, torí àwọn oògùn kan wà tó lè ṣe ohun tí ẹ̀wà yẹn ṣe, títí kan díẹ̀ nínú oògùn ibà. Tí o bá ń lọ sí Nàìjíríà, béèrè kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀wà olóyin kò ṣe mí ní nǹkan kan. Òtílí kò ṣe mí ní nǹkan kan; mo máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú, ìyá mi sì ti gbà pé ó máa ń jiná. Má torí mi sá fún gbogbo ẹ̀wà, má sì torí mi ba bródì bíìnsì lórúkọ jẹ́: oúnjẹ gidi ni fún ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á. Ṣùgbọ́n mọ ara rẹ kí o tó mọ oúnjẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìjọ pè mí. Ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Whalebone ti bí ọmọkùnrin.

"Níyì, ìyá ẹ ní kàǹfọ̀ tí a ń dà sínú àpótí aṣọ wà nínú ohun tí ìwé ọsibítù ní kó o máa sá fún. Àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Mà. Pàápàá fún ọmọ tuntun."

"Aṣọ funfun tí mo fẹ́ fi gbé ọmọ yìí wá sí ìjọ, inú àpótí ló wà láti ọdún mọ́dún. Kàǹfọ̀ láti Èkó ni mo dà sí i. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sá a sóòrùn. Ṣé ó ti tó?"

Mo rò ó. "Mi ò mọ̀, Mà."

"O ò mọ̀? Ìwọ?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ iye ìgbà tó tó. Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò?"

"Ọjọ́ Ajé la máa béèrè lọ́wọ́ dókítà."

 Mo ń gbọ́ tí ọmọ náà ń ké lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ le dáadáa.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "A ó ra tuntun."